Alábòójútó mi ní n kì í dá sí ọ̀rọ̀: báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa bójú tó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ABA láàárín wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Alágbàká kọ ọ́ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí. Àkúrẹ́ ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó kékeré kan tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, tí mo sì ń kọ́ iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ìhùwàsí tí gbogbo wa ń pè ní ABA, ìyẹn iṣẹ́ wíwo ohun tó ń fa ìwà àti ohun tó ń gbé e ró, kí a lè fi kọ́ ọmọ ní ìwà tó wúlò fún un. Nítorí pé a kò rí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí alábòójútó nítòsí ibùdó wa, ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ mi wà ní Kánádà, orí Zoom ni a sì ti ń pàdé. Ó máa ń wo fídíò bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà a ó jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ènìyàn dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kì í sì í fi àkókò mi ṣòfò. N kò wá síbí láti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ohun tó gbé mi wá ni fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n tí ó fi ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́ yìí. Ó yìn mí lórí bí mo ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ àti bí mo ṣe ń fún ọmọ ní ohun ìwúrí lásìkò tó yẹ. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kì í wo ojú òun tí òun bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Pé "bẹ́ẹ̀ ni mà" ni mo ń fi dáhùn ohun gbogbo, n kì í sì í mú èrò tèmi wá. Àti pé mo jẹ́ kí ìyá àgbà ọmọ kan máa fún un ní bisikíìtì nígbàkúùgbà tó bá fi ara nalẹ̀ tó ń ké, láìdá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà tí mo ń wí yìí ju ìyá tó bí mi lọ́mọ lọ. Ilé rẹ̀ ni a wà lọ́jọ́ náà, lójú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. Bí mo bá là á mọ́lẹ̀ fún un níbẹ̀ pé ohun tó ń ṣe kò dára, mo mọ̀ pé wọn kò ní pè mí wọlé mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àfojúsùn tó wà nínú ètò ọmọ náà ni pé kí ó kọ́kọ́ wo ojú àgbàlagbà fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí a tó fún un ní ohun tó béèrè. Ìyá àgbà bi mí léèrè pé, ṣé a fẹ́ kọ́ ọmọ òun láti máa tẹjú mọ́ àgbà ni? N kò rí èsì fún un, n kò sì mọ bí mo ṣe lè gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi láìdà bí ẹni tó ń já a ní koro.

Kí ni ó tọ́ kí alábòójútó ṣe nípa irú nǹkan báyìí, kí ni ó sì tọ́ kí èmi náà ṣe? Ṣé àṣà ni mo fi ń bo àìgbóyà mi mọ́lẹ̀ ni, àbí fọ́ọ̀mù náà ni kò wo irú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ọmọ ní Oǹdó fèsì pé:

Aǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ ABA. Òbí ni mí, ọmọ mi ọkùnrin ń gba ìtọ́jú náà nílùú Oǹdó níbí. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tí ojú àwa tí ẹ ń wá sílé wa rí. Ẹni tó kọ́kọ́ ń wá sọ́dọ̀ wa máa ń wọlé, yóò kí wa tán, yóò gbé ìwé rẹ̀ jáde, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyá ọkọ mi kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò fetí sí i rí. Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jókòó ti màmá, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe láyé ìjọ́sí tí àwọn ọmọ tiwọn bá ń ké, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Màámá, ẹ jẹ́ ká dán ọ̀nà kan wò pọ̀, ẹ̀yin ni yóò mú un ṣe." Lónìí, màmá ló ń kìlọ̀ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má fún ọmọ ní nǹkan nígbà tó bá ń ké.

Nítorí náà, ẹ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kí ó má jẹ́ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Àgbà kì í kọ ìmọ̀ràn, ìtìjú ló ń kọ̀. Kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá yín, nítorí ẹni tó wà ní Kánádà kò lè mọ ẹni tó jókòó sí yàrá yẹn bí fídíò kò bá fi hàn án.

Alábòójútó Ìjàpọ̀ fèsì pé:

Àbúrò, o káre tí o béèrè. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ní Àkúrẹ́ yìí, èsì mi yóò sì gùn. Kí ẹ̀yin yòókù fara dà á fún mi.

Fọ́ọ̀mù náà ni n ó kọ́kọ́ wò. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í kọ "olóríkunkun ni ọmọ yìí" sínú àkọsílẹ̀. Ohun tí a fojú rí tí a sì lè kà ni a ń kọ. Kí ló wá dé tí a fi ń kọ "kì í mú èrò wá" nípa akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́? Kí ni ọ̀gá rẹ fẹ́ rí gan-an? Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kí o dábàá ọ̀nà kan tàbí méjì kí òun tó sọ tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà yóò sì mọ ohun tí o ń lépa. Ní ti wíwo ojú, ohun tó ń wá níbẹ̀ kò lè ju pé kí ó mọ̀ bóyá o ń fetí sílẹ̀ àti bóyá ọ̀rọ̀ náà yé ọ. Ọ̀nà tó dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà: kí o fi ẹnu ara rẹ tún àlàyé náà sọ fún un, tàbí kí o ṣe é kí ó rí i. Lórí Zoom pàápàá, ẹni tó bá ń wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹnìkejì yóò rí i bí ẹni tó ń wo ilẹ̀, nítorí òkè ni kámẹ́rà wà. N kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fún ènìyàn ní máàkì lórí èyí.

Èkejì ni pé kí o má rò pé ojúrere ni o ń tọrọ. BACB, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ ABA ní ìwé ẹ̀rí ní Amẹ́ríkà, ní ìwé ìlànà ìwà iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Abala 1.07 nínú rẹ̀ ní kí oníṣẹ́ máa kọ́ nípa àṣà àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ènìyàn, kí ó máa yẹ ara rẹ̀ wò fún ẹ̀tanú, kí ó sì yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ rẹ̀ wò bákan náà. Abala 4.07 ní kí alábòójútó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni. Abala 4.10 ní kí ó máa fi ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ àti bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ṣe ń lọ sí díwọ̀n iṣẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, BACB kò gba ìwé ìbéèrè tuntun mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní Nàìjíríà, tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn àjọ bí IBAO àti QABA ni ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí níbí ń yà sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ bá ní ìwé ẹ̀rí BACB lọ́wọ́, ìlànà náà dè é níbikíbi tí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ rẹ̀ bá wà.

Wo ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ lásán lọ. Nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ BACB tó gba wákàtí 2,000, ìdá 5 péré nínú 100 wákàtí oṣù kọ̀ọ̀kan ni ó pọn dandan pé kí alábòójútó fi bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́. Nínú èyí tó gba wákàtí 1,500, ìdá 10 ni. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ kò ní ṣojú rẹ̀ láé. Ẹnu rẹ ni ó fi ń ríran. Bí o kò bá lè sọ fún un pé, "Mà, ohun tí ẹ ní kí n ṣe kò bá ilé yìí mu," yóò máa pàṣẹ fún ilé tí kò mọ̀, ọmọ tí a ń tọ́jú ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Mo wá dé orí "bẹ́ẹ̀ ni mà". Ìwà yìí ní ìtàn, gẹ́gẹ́ bí ìwà gbogbo. Nílé, nílé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ọmọ tó bá já àgbà ní koro ń rí pupa ojú. Èyí tó bá dákẹ́ tó sì gbà ń rí ìyìn. Ìyìn yẹn ti gbé ìwà náà ró láti kékeré, kò sì lè yí padà nítorí pé ẹnìkan kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Alábòójútó tó bá fẹ́ gbọ́ èrò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ọ̀nà tó ń gbà béèrè padà. Bí ó bá béèrè pé "Ṣé ó yé ọ?", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Bí ó bá béèrè pé "Nínú ohun tí mo sọ yìí, èwo ni kò ní ṣeé ṣe nílé ọmọ yẹn?", o ti rí àyè fèsì láìta kò ó, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti gbà pé ọ̀kan lè wà tí kò ní ṣeé ṣe. Èmi máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ mi kọ ohun tó bá ń kọ wọ́n lóminú ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kì í lanu níwájú mi á wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn jàn-ànràn. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá sì kọ́kọ́ sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, mo máa ń wá ibi tí a ó ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ètò náà ṣe, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ òun wúlò. Ìyìn ẹnu lásán kò tó.

Ìbéèrè ìyá àgbà ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Montrose Wolf, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ABA lélẹ̀, kọ ọ́ ní ọdún 1978 pé àwọn tí iṣẹ́ wa kàn ni ó yẹ kí wọ́n ṣèdájọ́ bóyá àfojúsùn wa jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́, bóyá ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é bójú mu lójú wọn, àti bóyá àbájáde rẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ìyá àgbà fà yọ, láìka ìwé kankan. Gbé e lọ fún ọ̀gá rẹ bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ sì jọ wo ohun tí àfojúsùn náà wà fún. Bí ó bá jẹ́ pé kí ọmọ náà lè pe àkíyèsí ẹni kí ó tó béèrè nǹkan ni, ó lè rìn wá síwájú àgbà, ó lè fọwọ́ kàn án lápá, ó lè ní "màámá", ó sì lè na àwòrán ohun tó fẹ́ sí i. Kì í tilẹ̀ ṣe àwa nìkan ni èyí kàn: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù nílẹ̀ òyìnbó ti sọ pé ó ń ni àwọn lára bí a bá fi dandan mú àwọn wo ojú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Àwa Yorùbá pàápàá kò rí bákan náà. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ọ̀dọ́ lè fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Ẹni tó dàgbà ní Ọ̀yọ́ yóò ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo ti rí alábòójútó tó jẹ́ Yorùbá tó gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ tó jẹ́ Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní ọdún 1998, Melanie Tervalon àti Jann Murray-García kọ̀wé nípa bí a ṣe ń kọ́ àwọn dókítà, wọ́n sì ní kì í ṣe pé kí ènìyàn kọ́ àṣà ẹlòmíràn tán bí ẹni kọ́ ìṣirò ni ó ṣe kókó, bí kò ṣe kí ó máa yẹ ara rẹ̀ wò títí ayé, kí ó sì máa ṣọ́ agbára tí òun ní lórí ẹni tó wà níwájú òun. Ọ̀rọ̀ yẹn kan èmi tí mo jókòó sí Ìjàpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ẹni tó wà ní Kánádà.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ fèsì pé:

Mo gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ọ̀gá wa láti Ìjàpọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Bisikíìtì kì í ṣe àṣà Yorùbá. Bí a bá ń fún ọmọ ní bisikíìtì nígbàkúùgbà tó bá fi ara nalẹ̀, yóò máa fi ara nalẹ̀ sí i, ì báà jẹ́ Òkè-Àró ni ilé wọn wà, ì báà jẹ́ Kánádà. Ọ̀gá rẹ rí ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ohun tí a ní láti sọ kò yí padà. Ibi tí a ó ti sọ ọ́, ìgbà tí a ó sọ ọ́ àti ẹnu tí a ó fi sọ ọ́ ni àṣà ń bá wa dá sí. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀wọ̀ àgbà dá ara yín láre níbi tí kò yẹ.

Ẹ̀bi ọ̀gá rẹ níbí, lójú tèmi, ni pé kò kọ́ ọ ní bí a ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo wa mọ bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ nínú ABA: a ó ṣàlàyé, a ó ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ rí i, a ó ní kí òun náà ṣe é, a ó sì sọ ibi tó dára àti ibi tó kù fún un títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè fi hàn ọ́ bí a ṣe ń gba ìyá àgbà níyànjú. Kí ó gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wá àgbà oníṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ tó lè fi hàn ọ́. Kí ẹ gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ bí ìdílé náà bá fọwọ́ sí i, kí o wá fi dánra wò pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ṣe bí ìyá àgbà. Ọ̀gá rẹ yóò máa wo bóyá ohun tó yẹ kí o sọ pé. Àgbà oníṣẹ́ yẹn yóò máa wo bóyá o sọ ọ́ bí ọmọ tí a kọ́.

Ibi kan sì wà tí kò sí dídúró de ìkọ̀kọ̀. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà tẹ́lẹ̀, bàbá ọmọ kan ń na ọmọ ní pàṣán lójú akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ dákẹ́ nítorí pé "bàbá ni", ọ̀sẹ̀ sì kọjá kí alábòójútó tó gbọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fi àṣà yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí kí a máa fi ìyà àìtọ́ jẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sórí òkè àdúrà: kì í ṣe tiwa láti bá wọn jiyàn lórí ìgbàgbọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ebi pa ọmọ, tàbí tí wọ́n dá oògùn wárápá rẹ̀ dúró, ọjọ́ náà gan-an ni alábòójútó gbọ́dọ̀ gbọ́. Alábòójútó tó mọ ohun tó ń ṣe yóò ti bá akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ irú ìwọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé iwájú bàbá ọmọ ni yóò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀, ó sì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà iṣu tuntun. Abala 1.12 nínú ìwé ìlànà yẹn kò fàyè gba ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ bá ju dọ́là 10 lọ, tàbí ohun tí iye yẹn tó láti rà lórílẹ̀-èdè ẹni. Iṣu kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan kò burú. Bí ó bá ti di àpò, tàbí tó ń wá lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, kí alábòójútó fúnra rẹ̀ pe ìdílé náà láti dúpẹ́ kí ó sì ṣàlàyé; kí wọ́n má gbé ẹrù kíkọ ẹ̀bùn àgbà lé ọmọdé lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Alágbàká fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ ìbéèrè ìyá àgbà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi bí màmá ṣe sọ ọ́. Ó dá mi lóhùn kíákíá, ó ní kí a dá àfojúsùn wíwo ojú dúró ná títí a ó fi jọ bá ìdílé sọ̀rọ̀, ó sì béèrè ẹni tí mo rò pé ó yẹ kí ó wà níbi ìpàdé náà. Lórí ọ̀rọ̀ bisikíìtì, kò yí ohun tó sọ padà, ṣùgbọ́n ó gbà pé kí n wá àgbà oníṣẹ́ kan níbí tí yóò kọ́ mi ní bí a ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ó ku ẹyọ kan. Bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ náà ní ibùdó wa, ọ̀dọ́ tí bàbá náà lè bí lọ́mọ ni wọ́n sì ní kí ó máa bójú tó o. Ọ̀dọ́ náà kò lè sọ fún bàbá pé ó ṣàṣìṣe, bàbá náà kò sì lè ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Alábòójútó Ìjàpọ̀ fèsì pé:

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìjókòó sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ni ibùdó náà pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n fẹnu kò lórí orúkọ tí ẹnì kìíní yóò máa pe ẹnìkejì, kí wọ́n gbà pé ìkọ̀kọ̀ ni àtúnṣe yóò ti máa wáyé, kí bàbá má sì gbọ́ ọ lójú àwọn òbí tàbí àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ náà máa pè é ní bàbá, kí ó máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀; èyí kò dí i lọ́wọ́ láti kọ máàkì tó tọ́ sí iwájú ohun tí bàbá kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Tíṣà ni bàbá, ó ti fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní máàkì rí, ó mọ ohun tí ó jẹ́. Kí ó sì jẹ́ pé bàbá ni yóò kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lórí ìwé náà, kí ọ̀dọ́ tó sọ tirẹ̀. Ibi tí èrò wọn kò bá ti bára mu, kí wọ́n jọ wo fídíò níbẹ̀. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí bàbá kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibì kan tó le fún un, ẹ tún padà síbí, a ó wo ohun mìíràn tí a lè yí padà.